Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ bíréèkì tó tẹ̀: èwo ni ká tọ́, èwo ni ká jù sílẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo wà. Mo ra Honda XL àlòkù kan, irú máṣíìnì (alùpùpù) tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga yẹn, torí pé kìkì òkúta ni ọ̀nà oko kajú wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣubú níbi tí omi ti gé ọ̀nà. Èmi fúnra mi ò ṣèṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí à ń fà ká tó pààrọ̀ jíà, ti tẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ bíréèkì iwájú ní tiẹ̀ ti ká wọlé sọ́dọ̀ hándù débi pé agbára káká ni ìka mi fi ń rí ààyè wọ̀ ọ́. Wẹ́dà àdúgbò wa ní kí n gbé wọn wá, pé òun á fi iná sí wọn títí wọ́n á fi pọ́n, òun á wá fi hámà lù wọ́n padà. Ẹnìkan ní kí n má dán an wò, pé ńṣe ni wọ́n á kán. Ẹlòmíì ní òjúlówó kì í tẹ̀, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Mi ò rí irú rẹ̀ rà ní ìlú wa níbí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé ọwọ́ máṣíìnì ló tẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tìrẹ. Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ohun mẹ́ta lo sì bi mí: ṣé ọwọ́ tó tẹ̀ ṣeé tọ́, ṣé iná ni ká fi tọ́ ọ tàbí hámà, àti pé ṣé ayédèrú ló wà lára máṣíìnì rẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, tí o ò sọ jáde, ni pé o fẹ́ mọ̀ bóyá o lè fọkàn tán àwọn ọwọ́ yìí lọ́jọ́ tí o bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú àpò kajú lẹ́yìn rẹ. Ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ, bí o ṣe júwe rẹ̀ yẹn, ó ṣeé tọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí a bá fara balẹ̀. Ọwọ́ bíréèkì rẹ, mi ò ní tọ́ ọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tọ́ ọ. Tuntun ni kí o wá. Mo mọ̀ pé nǹkan kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì, ìdájọ́ mi sì lè dà bí ojúsàájú, torí náà jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún ọ.

Ẹni tó sọ pé òjúlówó kì í tẹ̀ ti ṣì ọ́ lọ́nà. Nígbà tí o ṣubú, ìwúwo máṣíìnì tó tó nǹkan bí 100 kìlógíráàmù, pẹ̀lú tìrẹ, ló gúnlẹ̀ sórí ṣóńṣó ọwọ́ kan tí kò nípọn ju ìka lọ. Agbára yẹn ò lè ṣàdédé pòórá, ó gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Bí ọwọ́ náà bá kọ̀ tí kò tẹ̀, á fọ́ ilé tí ọwọ́ jókòó sí lára hándù, tàbí kó tẹ hándù fúnra rẹ̀, tàbí kó yí ọrùn ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ tó tẹ̀ yẹn ti gba ìyà náà jẹ fún ọ. Ayédèrú pọ́ńbélé gan-an kì í tẹ̀. Ńṣe ló máa ń ṣẹ́ fáú bí igbá gbígbẹ, tí ojú ibi tó ṣẹ́ á kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí àkàrà. Bí o bá rí ọwọ́ tuntun, wò ó dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ wọn, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé bọ́ọ̀lù kékeré tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀, wàá rí ibi tí wọ́n ti fá a ní tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ fá a, pé bó bá di dandan kó kán, ibẹ̀ ni kó ti kán, kí èyí tó kù ṣì tó fún ìka méjì láti fà dé ilé. Bọ́ọ̀lù yẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó wà níbẹ̀ kí ọwọ́ má baà gún ènìyàn bí ọ̀kọ̀ nígbà tó bá ṣubú lé e. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ayùn gé e kúrò fún ọ torí pé ó ti há, kó bá ọ fi fáìlì yí ojú ibi tó gé po, kó má mú.

Ṣáájú kí o tó gbé ohunkóhun lọ fún ẹnikẹ́ni, mú sípánà, kí o dẹ bóòtì tó di ilé ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mú mọ́ hándù. O ní orí rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Lójú tèmi, ó ṣeé ṣe kí ìdajì ohun tí o pè ní títẹ̀ máà jẹ́ títẹ̀ rárá, kó jẹ́ pé ilé ọwọ́ ló yí lórí hándù nígbà tí o ṣubú. Yí i padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ná, kí o wá wo èyí tó kù. Mo ti rí ẹni tó rìn láti Ìyàrà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà nítorí ọwọ́ tí kò tẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ iná wẹ́dà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí wẹ́dà tó dáńtọ́ lè sọ ọ́ láìní ọkàn búburú. Irin ló mọ̀. Irin máa ń pọ́n kó tó rọ̀, pípọ́n yẹn ló sì ń sọ fún alágbẹ̀dẹ pé àkókò tó láti lù ú. Ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì bíi tìrẹ kì í ṣe irin, alumíníọ̀mù ni. Mú mágínẹ́ẹ̀tì láti inú sípíkà tó ti bàjẹ́, kí o gbé e kàn án. Kò ní í lẹ̀ mọ́ ọn. Gbé e kan ẹsẹ̀ jíà, wàá rí i bó ṣe máa lẹ̀ típẹ́típẹ́. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n lójú wa. Ó ń di omi ní ìwọ̀n ooru 660 Celsius, èyí tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn láti fi da ọwọ́ máṣíìnì sì tètè ń yọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò tí wẹ́dà fi ń retí kó pọ́n, funfun ni yóò máa wò, funfun náà ni yóò sì jẹ́ títí yóò fi rọ̀ wọlé lójijì bí òrí tó rí iná. Mo ti rí i lójú ara mi. Ẹni tó di iná mú ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọwọ́ náà fi kán tó kalẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní kò yọ́. Iná tó pọ̀ jù máa ń bọ́ líle kúrò lára alumíníọ̀mù. Àwọn ọwọ́ tó dára, lẹ́yìn tí wọ́n bá dà wọ́n tàbí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n jáde tán, wọ́n á tún fi ooru tí wọ́n wọ̀n tọ́jú wọn kí ara wọn lè le. Iná wẹ́dà á pa iṣẹ́ yẹn rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ náà á gún régé, á máa dán, ṣùgbọ́n bí o bá fún un tagbáratagbára, á máa tẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ bí ṣíbí ọbẹ̀. Bí a bá sì ní ká kúkú tọ́ ọ ní tútù láìfi iná sí i, nǹkan mìíràn ló ń dúró dè wá. Alumíníọ̀mù tí wọ́n dà kì í gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ìgbà tí o ṣubú ló kọ́kọ́ tẹ̀. Ìgbà tí a bá tọ́ ọ ni ìkejì. Ibi tó yí kọ́rọ́ yẹn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà rẹ̀ kò tíì ju fọ́nrán irun lọ.

Bí mo ṣe kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ nìyí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Kò tíì pẹ́ tí mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nígbà náà. Oníbàárà mi kan wà tó máa ń lọ ra iṣu lápá Bùnú. Ó ṣubú, ọwọ́ bíréèkì iwájú rẹ̀ tẹ̀, mo fi fáìsì (irin orí tábìlì tí à ń fi di nǹkan mú pinpin) dì í mú, mo sì tọ́ ọ ní tútù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó tún ṣubú, mo tún un tọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, torí ojú ò lè mọ̀ pé ó tẹ̀ rí, mo sì gba owó mi. Ọjọ́ kẹta, ó di iṣu sẹ́yìn máṣíìnì, ó ń sọ̀kalẹ̀ níbi kan tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ̀, ó fún bíréèkì, ọwọ́ náà sì jábọ́ sí i lọ́wọ́. Inú kòtò ló bá ara rẹ̀, eegun èjìká rẹ̀ dá. Nígbà tí mo lọ kí i, kò bá mi jà. Ó kàn na ègé ọwọ́ náà sí mi. Mo gbé e sójú oòrùn. Ìdajì ojú ibi tó kán dúdú, ó ti kún fún eruku àti gírísì. Ìdajì tó kù ń dán bí fàdákà. Ìdajì dúdú yẹn ti sán láti ọjọ́ tí mo ti tọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì tó ń dán nìkan ló ń gbé e rìn. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti tọ́ ọwọ́ bíréèkì fún ẹnikẹ́ni mọ́, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó.

Ìdí tí mo fi ń ya kílọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ nìyẹn. Bí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì bá kán lójú ọ̀nà, wàhálà ni, ṣùgbọ́n o ṣì lè dúró. Máṣíìnì á ṣì gba bíréèkì, o sì lè gbé e délé láìfa kílọ́ọ̀ṣì: fi sí nútírà, tì í kó máa yí, fi ẹsẹ̀ tẹ jíà kìíní, kí o máa dín iná ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ pààrọ̀ sí òmíràn. Kò dára fún jíà, ṣùgbọ́n wàá délé. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú dídá máṣíìnì dúró, torí pé bí o bá ti ń dúró báyìí, gbogbo ìwúwo ló ń wọ́ lọ sórí táyà iwájú. Tí o bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, iwájú yẹn ló tún ń gba ẹrù jù. Kò sí ohun tí o fẹ́ ṣe láìsí i níbẹ̀.

Bí a ṣe ń tọ́ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní ṣọ́ọ̀bù mi nìyí, o sì lè ṣe é fúnra rẹ bí o bá ní sùúrù. Tú u kúrò pátápátá, yọ wáyà, yọ rọ́bà tó bá wà lára rẹ̀. Fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ títí ọ̀rá kankan ò fi ní kù, kí o ṣe é níta, níbi tí iná ò sí. Wá wo ibi tó ti tẹ̀. Bó bá jẹ́ ní àárín ọwọ́, níbi tí ìka ń dì mú, a lè máa bá a lọ. Bó bá jẹ́ nítòsí ihò tí bóòtì ń gbà kọjá, tàbí nítòsí ihò tí orí wáyà jókòó sí, jù ú nù, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Bí o bá gbé e lé ọwọ́ tí kò tẹ̀, tí ṣóńṣó méjèèjì sì fi jìnnà síra ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, jù ú nù pẹ̀lú. Ìwọ̀n tèmi nìyẹn. Mẹkáníìkì mìíràn lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà.

Lẹ́yìn náà, wá ibi tó sán. Fi kẹrosíìnì pa á lára, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí o wá nù ún gbẹ fínnífínní. Lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná, gbọ̀n ọ́n sí ojú ibi tó tẹ̀, ní ẹ̀yìn àti ní iwájú, kí o gbé e jókòó. Bí ibi kan bá ti sán, kẹrosíìnì tó wọ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí jáde, wàá sì rí ìlà ọ̀rinrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fà lójú ṣọ́ọ̀kì bí ìgbà tí kòkòrò rìn kọjá lórí ìyẹ̀fun. Bí o bá rí ìlà yẹn, iṣẹ́ ti parí; má tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé èyí tó ti la ẹnu síta nìkan ni ṣọ́ọ̀kì lè fi hàn ọ́. Bí inú ọwọ́ náà bá ní ihò tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á, ṣọ́ọ̀kì ò lè mọ̀ ọ́n.

Bí kò bá sán, ooru ló kàn, kì í ṣe iná. Ohun tí mo ń lò ni iyanrìn inú agbada, bí àwọn ìyá wa ṣe ń lò ó láti fi dín ẹ̀pà. Iyanrìn máa ń fún gbogbo ara rẹ̀ ní ooru bákan náà. Ahọ́n iná máa ń lá ibì kan ṣoṣo. Gbé agbada ka èédú, bo ọwọ́ náà mọ́ inú iyanrìn, fún un ní bí 20 ìṣẹ́jú. Kí o tó bò ó, fi ọṣẹ ìfọṣọ ya ìlà kékeré kan sí ara rẹ̀. Nígbà tí o bá fà á yọ, kán omi kan sí i. Bí omi náà bá kàn hó, tó sì gbẹ, ooru ò tíì tó. Bó bá dì sí wóró, tó ń sáré kiri lójú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ti ń sún mọ́ 200 Celsius tàbí kó ti kọjá rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ la sì ń wá. Bí ìlà ọṣẹ yẹn bá ti di búráwùn tàbí dúdú, ooru ti kọjá ààlà, líle rẹ̀ ti lọ. Jù ú nù. Ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn ni kí o wọ̀. Má fi rọ́bà ṣe é, má sì ṣe ohun tí mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe, pé wọ́n ń sè é nínú epo pupa. Epo tó bá gbóná dé ibẹ̀ lè gbiná mọ́ ènìyàn lójú.

Fi fáìsì di ibi tó nípọn mú láàárín pákó méjì, kí eyín fáìsì má baà bu ú ṣán, torí ojú eyín yẹn ni yóò ti sán lọ́jọ́ iwájú. Ki páìpù kékeré bọ ṣóńṣó rẹ̀, kí o wá fi ìwúwo ara rẹ tì í díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé kí o já a. Hámà ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí o bá ti tì í bí ìdajì ìṣẹ́jú, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Dá a padà sínú iyanrìn, kí o fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tún wá. Mo máa ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lórí ọwọ́ kan. Má sì lépa kó gún bíi tuntun. Bí ìka rẹ bá ti bá a dáadáa, tí kò kan hándù nígbà tí o bá fà á dé òpin, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ inú ṣọ́ọ̀bù máa ń bàjẹ́ jù ni èyí tó kù díẹ̀ kó tọ́ tán. Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tutù, má rì í sómi. Tún kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá mọ́, fi ọ̀dà ya àmì kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́la mọ̀ pé wọ́n ti tọ́ ọ rí, kí ó má tún tọ́ ọ mọ́.

Bí o bá ń dá a padà, wo bóòtì tí ọwọ́ náà ń yí lé. Yí i lórí gíláàsì tàbí táìlì: bó bá ń ta gẹ̀gẹ̀, ó ti tẹ̀, òun gan-an ló sì máa ń mú kí ọwọ́ le láti fà. Fi gírísì díẹ̀ sí i. Yí nọ́ọ̀tì wáyà títí ṣóńṣó ọwọ́ á fi lè mì ní nǹkan bí 10 sí 20 mìlímítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Bí kò bá lè mì rárá, kílọ́ọ̀ṣì ò ní jókòó dáadáa, á máa yọ̀, àwọn àwo inú rẹ̀ á sì jóná. Bó bá mì jù, jíà á máa ké, máṣíìnì á sì fẹ́ máa rìn fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá dúró.

Ó ku ọwọ́ bíréèkì tuntun, èyí tí o ò rí rà. Kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, Ìlọrin la ti ń ra gbogbo páàtì. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ará Yàgbà ṣì ń gba Ìlọrin lọ ju Lọ́kọ́ja lọ. Ṣùgbọ́n má tíì san owó mọ́tò. Kò di dandan kó jẹ́ ọwọ́ Honda XL. Hándù ọ̀pọ̀lọpọ̀ máṣíìnì tó wà láyìíká wa, Bajaj, TVS, àti tìrẹ yẹn, 22 mìlímítà ni ìbú rẹ̀ níbi tí ilé ọwọ́ ń jókòó sí. Ìyẹn ni pé o lè ra ọwọ́ àti ilé rẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí odidi, láti ara máṣíìnì ọ̀kadà tí bíréèkì iwájú rẹ̀ jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù, èyí tí wáyà ń fà, bíi tìrẹ, kí o sì gbé e sí i. Ohun tí kò dára ni kí o ra ọwọ́ Bajaj nìkan, kí o wá fi fáìlì há a mọ́ inú ilé ọwọ́ Honda. Ó lè wọlé, síbẹ̀ kó máà bára mu. Wọn ìjìnnà láti àárín ihò bóòtì dé àárín ihò tí orí wáyà ń jókòó sí. Bí ti tuntun bá gùn ju ti àtijọ́ lọ, wáyà tó fà á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wàá ní láti fún un tagbáratagbára. Bó bá kúrú, á rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè kan hándù kí bíréèkì tó mú. Wò ó pẹ̀lú bóyá orí wáyà rẹ wọ ihò rẹ̀ láìsí pé o fi òòlù tì í. Ní ti máṣíìnì onídíìsì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: níbẹ̀, ọwọ́ ló ń ti písìtìnì kékeré tó ń rán omi bíréèkì lọ, bí kò bá sì padà dé ìdí rẹ̀ dáadáa, omi ò ní rọ́nà padà, bíréèkì á máa jó títí táyà iwájú á fi há lójijì. Ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ni kí onídíìsì rà, kó má fi nǹkan mìíràn dípò.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé kí wọ́n jó èyí tó sán pọ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú alumíníọ̀mù tó jẹ́ pé ooru ní láti kọjá 2000 Celsius kó tó yọ́, nígbà tí alumíníọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ti di omi tipẹ́. Iná tí wọ́n fi ń jó géètì ò lè ṣe é. Ẹ̀rọ tó lè ṣe é wà, ṣùgbọ́n owó ẹni tó ní i máa ń ju owó ọwọ́ tuntun lọ, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi jó ọwọ́ bíréèkì.

Ohun tó máa wúlò fún ọ ju gbogbo títọ́ yìí lọ ni bí ilé ọwọ́ ṣe di hándù mú. Àwa mẹkáníìkì la jẹ̀bi jù nínú èyí, torí a ti fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa pé kí wọ́n di gbogbo bóòtì títí yóò fi ké. Fún máṣíìnì tó ń gba ọ̀nà oko, kò yẹ kí ilé ọwọ́ di bẹ́ẹ̀. Wé tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù mọ́ hándù ní ìpele méjì, níbi tí ilé ọwọ́ máa jókòó sí, kí o wá di bóòtì náà débi tí kò ní yí bí o bá kàn fún ọwọ́, ṣùgbọ́n tí yóò yí bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Lọ́jọ́ tí o bá ṣubú, ńṣe ni yóò yí kúrò lọ́nà, wàá dìde, wàá gbá a padà, wàá sì máa bá tìrẹ lọ. Gbé ọwọ́ méjèèjì síbi tí ìka rẹ á fi máa na tààrà láti apá rẹ nígbà tí o bá dìde dúró lórí irin ìtẹsẹ̀ máṣíìnì, kì í ṣe nígbà tí o bá jókòó. Bí ọ̀nà oko rẹ bá kún fún igi àti òkúta, ra irin tí wọ́n ń fi gba ọwọ́ níwájú, èyí tó di orí hándù àti àárín rẹ̀ mú. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà lásán ṣe dára fún ẹ̀gún, kò lè gba ọ́ lọ́wọ́ òkúta.

Nígbà tí o bá dé ìdí rẹ̀, wo àwọn tó kù tó ṣeé ṣe kó ti tẹ̀ pẹ̀lú wọn. Jókòó sórí máṣíìnì, kí o wo hándù àti táyà iwájú: bí táyà bá ń wo iwájú tí hándù sì ń wo ẹ̀gbẹ́, fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, ló yí. Ẹsẹ̀ jíà àti ẹsẹ̀ bíréèkì jẹ́ irin. Àwọn wọ̀nyẹn lo lè gbé fún wẹ́dà rẹ, kó fi iná pọ́n wọn, kó sì lù wọ́n bó ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kó kọ́kọ́ tú wọn kúrò lára máṣíìnì. Bó bá lù ẹsẹ̀ jíà níbi tó wà yẹn, ọ̀pá tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀, ọ́ìlì á sì máa jò láti ibẹ̀ lọ.

Títí o ó fi rí ọwọ́ bíréèkì tuntun, má gbé ẹrù sórí máṣíìnì yẹn, má sì gbà á gba òkè. Bí o bá ń bọ̀ ní Kàbà, mú ọwọ́ bíréèkì tó tẹ̀ náà dání, pẹ̀lú ilé rẹ̀, kí o sì tú wáyà rẹ̀ wá pẹ̀lú. Mo fẹ́ wo ihò tí orí wáyà ń jókòó sí kí n tó sọ èyí tí o máa rà. Láti inú lẹ́tà nìkan, mi ò lè mọ̀ bóyá ilé ọwọ́ náà ti sán lábẹ́, níbi tí bóòtì ti dì í mọ́ hándù.